Ẹ Ṣọ́ Àkọsílẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Yín

Ẹ̀yin olùkọ́ àti gbogbo ará wa ní Igbó-Elérin, Ìbà àti Okokomaiko, a mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ láti ọjà Alábà ni agbára púpọ̀ nínú yín ká. A kò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ogbó nìkan kọ́ ni ó ń pa ẹ̀rọ wọ̀nyí. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, tí ó sì fi agbára dé lójijì, ó lè jó ẹ̀rọ. Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ wáyà lára ògiri. Bí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó tún ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbé kọ̀ǹpútà lé orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí tìmùtìmù a máa dí ihò tí ooru rẹ̀ ń gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ni ó ká wa lára jù. Máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé fún odidi ọdún, nínú dísìkì kan ṣoṣo! Bí dísìkì náà bá kú, ta ni yóò jí i? Ẹ dà á kọ sí ibi méjì, kí ọ̀kan má ṣe gbé inú ilé kan náà.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ohun tí a pa rẹ́ lójú lè wà nínú dísìkì síbẹ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ra dísìkì àlòkù ní Èkó, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò wọ́n ní òkè òkun nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà, ẹ yọ dísìkì rẹ̀ sílé. Kí ẹni tí ó rà á wá òmíràn.