Ẹfun tí wọ́n fi mọ ilé ló ń sọ ọjọ́ orí ilé

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ju 150 ọdún lọ tí àwọn ènìyàn fi jiyàn lórí ilé olókùúta róbótó kan ní ìlú Newport, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀mọ̀wé ará Denmark kan, Carl Christian Rafn, ló polongo pé àwọn atukọ̀ Viking ló kọ́ ọ, ṣáájú kí Columbus tó dé Amẹ́ríkà ní 1492. Àwọn mìíràn ní rárá, ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí ni, tí Gómìnà Benedict Arnold mẹ́nu bà nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ lọ́dún 1677. Ta wá ni ká gbà gbọ́?

Ẹfun tí wọ́n fi lẹ òkúta ilé náà mọ́ra ló dáhùn. Kí sìmẹ́ńtì òde òní tó dé, òkúta ẹfun ni àwọn mọlémọlé ń sun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 900 Celsius. Iná náà yóò lé afẹ́fẹ́ kábọ̀n-dáyọ́sáìdì tó wà nínú òkúta jáde. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn, wọ́n á sì fi mọ ilé. Bí ẹfun náà ṣe ń le ni yóò tún máa fa irú afẹ́fẹ́ yẹn mọ́ra láti àyíká. Nípa bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ọdún tí wọ́n kọ́lé ti há sínú ògiri nìyẹn.

Kábọ̀n-14 wà nínú afẹ́fẹ́ yìí, ó sì ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Ìdajì rẹ̀ yóò ti lọ láàárín 5,730 ọdún. Willard Libby, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1960, ló fi hàn pé a lè fi èyí mọ ọjọ́ orí nǹkan.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò rọrùn. Bí òkúta kan kò bá jóná tán, tàbí tí ìkarawun wà nínú iyanrìn, ilé yóò dà bí ẹni pé ó dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Bí ògiri bá sì nípọn jù, ẹfun inú rẹ̀ á pẹ́ kó tó le, ilé á wá dà bí ọmọdé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń da ásíìdì sí ẹfun tí wọ́n ti fọ́, tí wọ́n sì ń gba afẹ́fẹ́ tó ń jáde ní ìpín-ìpín. Ẹfun tí wọ́n fi mọ ilé máa ń tètè yọ́ ju òkúta àtijọ́ lọ, nítorí náà ìpín àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbára lé.

Àwọn onímọ̀ láti Finland àti Denmark lo ọ̀nà yìí fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta àtijọ́ ní erékùṣù Åland, níbi tí kò ti sí àkọsílẹ̀ ọdún tí wọ́n kọ́ wọn. Wọ́n tún fi èsì náà wé ọjọ́ orí igi òrùlé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹfun Newport wò lẹ́yìn 1990, ó bọ́ sí àárín 1635 sí 1698. Ìwé ìpíngún Arnold ló bá mu.

Èyí kò sọ pé Viking kò dé Amẹ́ríkà o. Igi tí wọ́n gé lọ́dún 1021 ní L'Anse aux Meadows, ní Kánádà, jẹ́rìí pé wọ́n débẹ̀. Àmọ́ ilé Newport kì í ṣe tiwọn. Ìtàn lè dùn létí, ìyẹn kò sọ ọ́ di òótọ́.