Bí Owó Kòkó Ṣe Lè Bọ́ Ilé Títí di Ìkórè Mìíràn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó,

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ kòkó, láti Iléṣà títí dé Oǹdó, ọdún pín sí ọ̀nà méjì. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kìíní ni a ń kórè èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó. Owó ń wọlé, ẹran kì í wọ́n nínú ọbẹ̀, a sì ń ra mílíìkì inú agolo, ṣúgà àti búrẹ́dì. Nígbà tí ó bá di oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, owó ti tán, iṣu ògbólógbòó ti gbówó lórí, iṣu tuntun kò sì tíì dé. Gàrí nìkan ni ó kù nínú ilé. Àgbàlagbà lè fi gàrí rọ́jú títí ìkórè yóò fi dé. Ọmọ ọdún méjì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1933, oníṣègùn obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ tí oúnjẹ wọn jẹ́ kìkì àgbàdo. Ní ọdún 1935 ó pè é ní kwashiorkor, orúkọ tí àwọn ará Gà ń pe àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé tí a sì já a lẹ́nu ọmú. Ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a wú, irun orí rẹ̀ a máa pọ́n, awọ ara rẹ̀ a máa bó, kò sì ní fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Òbí mìíràn a rí wíwú náà, a sì rò pé ọmọ òun ń sanra. Ọmọ tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó lè dáàbò bo àwọn tí kò tíì ṣàìsàn kò jìnnà sí yín, kò sì wọ́n bí ẹran.

Oúnjẹ náà ni ẹ̀wà. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, ohun tí ń mú ara dàgbà lé ní 20 gíráàmù. Nínú 100 gíráàmù gàrí, kò tó 3. Gàrí a máa fún ni ní agbára láti ro oko, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ara ọmọ. Àwa kò bá ẹran jà. Bí ó ti wù kí ó rí, gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ẹran ńlá inú ọbẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ kékeré. Ẹ̀wà a máa kárí ilé.

Nínú ọ̀ràn ẹ̀wà yìí, àgbẹ̀ kòkó ní àǹfààní kan tí akọ̀wé tí ń gba owó oṣù kò ní. Púpọ̀ nínú ẹ̀wà tí a ń jẹ ti Òkè Ọya wá. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bá kórè tán, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o wá sí ọ̀dọ̀ wa, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Àkókò náà gan-an sì ni owó kòkó ń wọlé. Bí ẹ bá dúró di oṣù kẹfà, kóńgò kan náà yóò ti gbówó lórí, owó ọwọ́ yín yóò sì ti dínkù. Nítorí náà, ẹ bi àwọn ìyàwó yín léèrè iye kóńgò tí ilé ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ 3, oṣù mẹ́fà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 26, ẹ ó sì ra kóńgò 78. Ẹ rà á kí ẹ tó ra aṣọ ọdún. Ẹ̀wà olóyin dùn, ṣùgbọ́n èyí tí owó rẹ̀ rọ̀ jù lọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ara.

Ẹ óò wí pé kòkòrò yóò jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni ewu ńlá wà. Àwọn kan a máa bu oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára kòkó sí ẹ̀wà tí àwọn ọmọ wọn yóò jẹ. Ẹ má ṣe é láé. Májèlé ni, kò sì sí ìdánilójú pé sísè yóò mú un kúrò. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ kọ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá oògùn apakòkòrò tí ń jẹ́ dichlorvos nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ohun tí àlejò kọ̀ láti jẹ, kí ni a ó fi bọ́ ọmọ wa fún?

Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tí a fi ta òróró. Ẹ má ṣe lo èyí tí oògùn oko ti wọ inú rẹ̀ rí, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ fi ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ pátápátá. Ẹ sá ẹ̀wà sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, ẹ ṣa èyí tí ó ti lu kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, lẹ́yìn náà kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì títí dé ẹnu rẹ̀. Bí àyè bá kù lókè, afẹ́fẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ dé e pinpin, kí ẹ má sì ṣí i fún oṣù méjì ó kéré tán. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ náà tán, yóò sì kú. Kẹ́ẹ̀gì kékeré púpọ̀ sàn ju ńlá kan lọ, nítorí nígbà tí ẹ bá ṣí ọ̀kan láti jẹ, àwọn yòókù yóò wà ní dídé.

Nípa ti sísè, ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi láti alẹ́, kí ẹ sì da omi náà nù. Igi ìdáná yóò dínkù, inú kò sì ní wú púpọ̀. Àdàlú tí àwọn ìyá wa ń sè ní ọgbọ́n ju bí a ti rò lọ: ohun tí ó kù díẹ̀ nínú ẹ̀wà ni àgbàdo ní, ohun tí àgbàdo kò ní tó ni ẹ̀wà fi kún un. Fún ọmọ kékeré, ẹ bó èèpo ẹ̀wà, kí ẹ fi ṣe mọ́ínmọ́ín tàbí gbẹ̀gìrì, kí ẹ sì fi bọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀kọ. Epo pupa ni kí ẹ fi sè é. Ohun tí ó mú kí epo pọ́n ni ara ń lò fún ojú, kí ọmọ lè ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹni tí ó bá yọ́ epo títí ó fi funfun ti sun ún nù.

Ẹ̀fọ́ kò gba owó rárá. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ewúro sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má sè é pẹ́, kí ẹ má sì máa fún omi rẹ̀ nù bí ẹní fún aṣọ, àfi ti ewúro tí ó korò. Gbúre tí ó hù lábẹ́ igi kòkó tí ẹ ti fín ní oògùn, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bí ó ti wù kí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ tó.