Ẹ Gba Àgbàdo Yín Lọ́wọ́ Kòkòrò Láìfín Oògùn Olóró

Ìwé ìlàlóye fún àgbẹ̀ alágbàdo

Ọdún 2016 ni kòkòrò fall armyworm kọ́kọ́ fojú hàn nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Bí ó bá ti dàgbà, ìsàlẹ̀ ọ̀mùnú àgbàdo ló ń sá sí, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì dí ẹnu ibẹ̀. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Èèrà àti agbọ́n tó ń pa á jẹ ni oògùn ń pa. Nítorí náà, ìgbà tó ṣì kéré ni kí ẹ ti mú un.

BÍ Ẹ Ó ṢE DÁ A MỌ̀
• Ẹyin rẹ̀ máa ń wà lójú kan lára ewé, láti 100 dé 200, ohun kan bí irun á bò wọ́n.
• Kòkòrò tó ti dàgbà ní ìlà bíi lẹ́tà Y tó dorí kodò níwájú orí. Àmì dúdú mẹ́rin wà nítòsí ìdí rẹ̀.

NÍGBÀ ÌGBÌN
• Ẹ tètè gbìn bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn tí oko yín jọ pààlà gbìn nígbà kan náà. Àgbàdo tó bá pẹ́ hù ni kòkòrò máa ń yà bò jù.
• Ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀gẹ́ sáàárín àgbàdo.

LẸ́YÌN TÓ BÁ HÙ
• Ẹyin rẹ̀ kì í pẹ́ pa, nítorí náà ẹ yẹ oko wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lókè ewé àti lábẹ́ ewé.
• Ẹ fi ìka tẹ ẹyin fọ́, kí ẹ sì ṣa kòkòrò pa.
• Ẹ bu eérú tàbí iyanrìn díẹ̀ sínú ọ̀mùnú tí kòkòrò bá wà.

OMI DÓŃGÓYÁRÒ
1. Ẹ gún kóró inú èso dóńgóyárò gbígbẹ.
2. Ẹ rẹ gíráàmù 50 sínú omi lítà 1 di ọjọ́ kejì.
3. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn.
4. Ẹ fín in sínú ọ̀mùnú nírọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Èyí tí ẹ máa lò tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ṣe.
Kì í ṣe mímu. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé.

Ẹ ṢỌ́RA
Ẹ má fi oògùn ẹ̀fọn inú ilé fín oko. Ẹ má sì jáyà bí ewé bá lu díẹ̀: àgbàdo tó rí oúnjẹ jẹ nínú ilẹ̀ á tún yọ ewé. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ADP (ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀) ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó ná owó sórí oògùn kankan.