"Sàbí": Ọ̀rọ̀ Àlejò tí ó Di Onílé

Kò sí ẹni tí ó máa ń wọkọ̀ láti Ọbáléndé lọ sí Lekki àti Ajah tí kò gbọ́ "sàbí" rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kà á sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tí kò kàwé bà jẹ́. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Inú ọ̀rọ̀ Potogí kan, "saber", ni "sàbí" ti wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará Sípéènì ń lò. "Sabe" ni àwọn méjèèjì ń pe "ó mọ̀". Nǹkan bí ọdún 1472 ni àwọn atukọ̀ Potogí dé etí òkun wa. Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Òwò etí òkun ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ilé-ìwé.

Ní Sípéènì, ẹni tí ó mọ òdodo ọ̀rọ̀ "sabe". Ẹni tí ó mọ omi í wẹ̀ "sabe". Bí ọbẹ̀ bá ní adùn iyọ̀, òun náà "sabe". Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé a mọ ènìyàn, "conocer" ni wọn yóò lò. "Sàbí" tiwa ti ju ti adùn nù, ó sì ti gba ti ènìyàn mọ́ra: "Ai sàbí am", èyí ni pé, "Mo mọ̀ ọ́n." Ẹ wo "mọ̀" nínú Yorùbá: mo mọ òdodo, mo mọ Adé, mo mọ ọkọ̀ ọ́ wà. Nípa ìlò, "sàbí" jọ "mọ̀" wa ju "saber" tí ó bí i lọ.

Iṣẹ́ ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe. Bí bírikìlà tí ń wáṣẹ́ òòjọ́ ní Ajah bá pàdé ọ̀gá, ìbéèrè kan ni: "Yù sàbí plásítà?" Ọ̀gá kò béèrè ìwé ẹ̀rí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ lè rẹ́ ògiri. Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀gùn, gbogbo wọn ni ó yé. Oúnjẹ ọjọ́ náà wà nínú ìdáhùn rẹ̀. Bí ó bá sì purọ́, ògiri yóò tú àṣírí.

Ẹni tí ó bá wá ń ṣe bí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo, "ófásàbí" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kó ọ̀rọ̀ àyálò jọ fún iṣẹ́ ìwádìí wa, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ń sọ ọ́ léèrè kí a tó dá a lẹ́jọ́. Bí a bá ń fi wọ́n ṣẹ̀sín láìwádìí, àwa gan-an ni ófásàbí.