Ta Ni Yóò Sanwó Rẹ̀? Ìjọba Ìbílẹ̀, Owó Àyẹ̀wò Òṣìṣẹ́ àti Owó Ìforúkọsílẹ̀

Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ọdún kẹta mi, ẹ̀ka ìṣúná ni wọ́n fi mí sí. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa to fáìlì lọ. Lọ́jọ́ kan, màmá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọlé wá pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Ó ti tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ìbílẹ̀ yóò dá owó náà padà fún òun. Ọ̀gá wa ṣí ìwé ìṣúná ọdún náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní: "Màmá, ẹ má bínú, kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí níbí." Màmá náà ká rìsíìtì rẹ̀ padà sínú báàgì. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n ní: "Ẹ ò lè gbà mí síṣẹ́ láìní ìwé yìí o, ẹ ò sì lè sanwó rẹ̀. Ó dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Nínú kíláàsì, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù, owó ọ̀nà àti owó ọjà. Owó kékeré tó wà láàrin òṣìṣẹ́ àti àṣẹ láti ṣiṣẹ́ kì í sábà dé etí wa. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń sọ bóyá ẹni tó ń gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́ ní ìwé àṣẹ, àti bóyá ẹni tó ń ṣí géètì ilé ìwé fún wọn ti ṣe ohun tí kò dáa níbòmíràn rí.

Owó méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Owó àkọ́kọ́ ni owó àyẹ̀wò. Kí wọ́n tó gba ènìyàn síṣẹ́, wọ́n á wádìí bóyá ẹjọ́ ọ̀daràn wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá ìwé ẹ̀rí tó mú wá jẹ́ òótọ́, àti bóyá òun gan-an lẹni tó pe ara rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí a tó fọmọ fọ́kọ, a máa ń rán alárinà lọ wádìí ìdílé. Kí ọ̀gá tó gba ọmọ iṣẹ́, ó máa ń béèrè onígbọ̀wọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìjọba ló ń ṣe ti òde òní, ó sì lówó nínú.

Owó kejì ni owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàbójútó iṣẹ́. Àjọ náà ló ń sọ pé ẹni báyìí yege láti jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́, òun náà ló sì lè gba àṣẹ yẹn padà bí onítọ̀hún bá ṣìwà hù.

Ẹ jẹ́ ká má da méjèèjì pọ̀. Àyẹ̀wò jẹ́ ìnáwó agbanisíṣẹ́ ní ti ẹ̀tọ́, torí ààbò ará ìlú ló wà fún. Orúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà lórí ìforúkọsílẹ̀, yóò sì mú un lọ bó bá kúrò níbi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi pọ̀ lórí ẹni tó yẹ kó san èkejì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìlú Ọba

Mo mú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé iye owó wọn wà ní gbangba, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde ní ẹ̀ka wa ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ènìyàn lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fúnra wọn rí ìwé tí wọ́n ń pè ní DBS.

Ìtàn ìwé náà kò dùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, wọ́n pa àwọn ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Soham. Ẹni tó pa wọ́n ni ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwé girama kan níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá àdúgbò mìíràn ti gbọ́ ẹ̀sùn nípa rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Michael Bichard darí gbé ìròyìn jáde ní 2004. Láti inú ìròyìn yẹn ni òfin 2006 ti wá, èyí tó ṣètò bí wọ́n yóò ṣe máa dènà àwọn tí kò yẹ kó sún mọ́ ọmọdé àti aláìlera. Ní oṣù Kejìlá 2012, wọ́n da àjọ méjì pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Disclosure and Barring Service, ìyẹn DBS.

Ipele mélòó kan ni àyẹ̀wò wọn ní. Láti 2 oṣù Kejìlá 2024, £21.50 ni wọ́n ń gbà fún ti ìpìlẹ̀, £49.50 sì ni fún èyí tó jinlẹ̀ jù, tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọdé tàbí aláìlera. £38 ni èyí tó jinlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò san nǹkan kan fún un.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú àwọn social worker, àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, arúgbó tí kò lẹ́nìkan àti ìdílé tó dàrú. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ iṣẹ́ yìí pe ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó forúkọ sílẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2019, ọ̀dọ̀ Social Work England ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ sí, £90 ni owó ọdọọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Láàrin oṣù Kẹsàn-án àti ìparí oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń tún un ṣe. Ẹni tó bá jẹ́ kí àsìkò náà kọjá, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ náà mọ́ títí wọn yóò fi dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀

Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tó ní social worker 300, tó sì máa ń gba òṣìṣẹ́ tuntun 400 lọ́dún fún iṣẹ́ tó nílò àyẹ̀wò tó jinlẹ̀.

Ní iye ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, £90, bí ìjọba bá pinnu láti san owó ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn 300 náà, £27,000 ni ìbá jẹ́ lọ́dún. Àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tuntun 400 ní £49.50 jẹ́ £19,800. Ní iye àtijọ́, £15,200 ni ìbá jẹ́. Ẹ rí i pé £4,600 ti wọlé sórí ìnáwó láìsí pé ẹnikẹ́ni gba òṣìṣẹ́ kan kún un. Oṣù Kẹrin ni ọdún ìṣúná wọn ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kejìlá sì ni iye tuntun náà dé. Akápò tí kò fi nǹkan sílẹ̀ fún irú èyí yóò wá a nínú owó nǹkan mìíràn.

Apá tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Òfin kò dá ọjọ́ tí ìwé DBS yóò kú. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ò ju ohun tó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló fúnra wọn pinnu pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta làwọn yóò máa tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní òṣìṣẹ́ 1,800 tí ọ̀rọ̀ kàn, tí wọ́n pín wọn sí ọdún mẹ́ta, 600 ni lọ́dún, owó rẹ̀ sì jẹ́ £29,700.

Ọ̀nà kejì wà. Òṣìṣẹ́ lè wọ ètò kan tí yóò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà, £16 lọ́dún. Fún òṣìṣẹ́ 1,800, £28,800 nìyẹn. Ní ọdún mẹ́ta, ẹnì kan yóò ná £48 ní ọ̀nà kejì, £49.50 ní ọ̀nà àkọ́kọ́. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà àkọ́kọ́, bí òṣìṣẹ́ bá ṣẹ̀ lóṣù kejì lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọdún mẹ́ta lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí ìwé tó sọ ọ́. Ní ọ̀nà kejì, wọ́n lè rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá wo owó nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ yìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ètò náà láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ jáde, bó bá sì gbàgbé láti sanwó ọdún tuntun, yóò tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìnáwó mìíràn tún wà tí kì í hàn. Òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níṣẹ́ kí ọdún tó yí po ti gbé owó àyẹ̀wò rẹ̀ lọ, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ yóò sì gba tirẹ̀. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ ló ń náwó jù lórí àyẹ̀wò. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń san owó ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n: owó ìforúkọsílẹ̀ láti mú ẹnì kan dúró kéré sí ohun tí wọ́n máa ná láti wá ẹlòmíràn. Níbi tí ìjọba kò bá ti san án, òṣìṣẹ́ lè béèrè ìdẹ̀kùn owó orí lórí ohun tó san. Fún ẹni tó ń san owó orí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ní iye ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, £18 nínú £90 ni ìbá jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ohun kan kù fún àwọn tó ń múra àtirìnrìn-àjò. DBS kò ní àkọsílẹ̀ ohun tí ènìyàn ṣe ní Nàìjíríà. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá wa. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ló sábà ń san ìyẹn. Ẹ fi sínú ìṣúná ara yín.

Nílé ńkọ́?

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Ẹ wo irú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí tí owó oṣù wọn ń ti ibẹ̀ wá: nọ́ọ̀sì lábẹ́ àjọ NMCN, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ń di títúnṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ TRCN, ẹnjiníà lábẹ́ COREN, oníṣirò owó lábẹ́ ICAN tàbí ANAN, àti àwọn wolé-wolé, tí àwọn náà ní àjọ tiwọn. Gbogbo wọn ló ń sanwó kí orúkọ wọn lè wà nínú ìwé.

Ní ti àyẹ̀wò, onígbọ̀wọ́ àti ìwé ẹ̀rí la ṣì gbára lé jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ń là. Ní 2019, àjọ NAPTIP ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó fipá bá ènìyàn lò pọ̀, lábẹ́ òfin tó dènà ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ gba ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé ìwé lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Nínú ìwé ìṣúná, ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà jáde: owó òṣìṣẹ́, owó ìṣàkóso ojoojúmọ́, àti owó iṣẹ́ àkànṣe. Owó méjì tí à ń sọ yìí kì í ṣe owó oṣù, kì í ṣe owó ilé kíkọ́. Abẹ́ owó ìṣàkóso ló yẹ kí wọ́n wà. Bí wọn kò bá ní orí tiwọn níbẹ̀, abẹ́ "ìnáwó mìíràn" ni wọ́n ń bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé bí owó bá dín. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 11 oṣù Keje 2024 sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí ìyẹn bá fìdí múlẹ̀ tán, àwáwí pé "ìpínlẹ̀ ló mú owó wa" yóò dín kù, ìbéèrè nípa orí tí kò sí nínú ìwé ìṣúná yóò sì máa pọ̀ sí i.

Bí a ṣe lè kọ orí náà

Kò le. Àkọ́kọ́, ẹ ka ipò iṣẹ́ tó nílò ìwé, ẹ má ka orí ènìyàn nìkan, torí ipò tó ṣófo lónìí yóò kún lọ́la. Èkejì, ẹ kọ iye owó àjọ kọ̀ọ̀kan àti oṣù tí yóò bọ́ sí. Ẹ̀kẹta, ẹ pín ìtúnṣe ká. Bí nọ́ọ̀sì 60 bá wà tí ìwé wọn ń kú ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó dára bó bá jẹ́ 20 ló ń bọ́ sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo 60 bá bọ́ sí ọdún kan ṣoṣo, kí akápò ti mọ̀ ṣáájú. Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ni yóò san kí ni, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìkarùn-ún, ẹ fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀, torí iye owó kì í dúró sójú kan.

Bí ìjọba kò bá tilẹ̀ lè san gbogbo rẹ̀, ó lè san ìdajì, tàbí kó san ṣáájú kó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi dandan lé ìwé, kí wọ́n má sì sọ ẹni tí yóò san án. Níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ti pẹ́ yóò ti jẹ́ kí ìwé rẹ̀ kú, tí ọ̀gá yóò sì fojú fò ó torí kò sí ẹlòmíràn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ mú ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ wá owó méjì yìí nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ wò ó bóyá wọ́n ná an lóòótọ́. Bẹ́ ẹ kò bá rí i, ẹ ti rí àkòrí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jókòó sí ọ́fíìsì ìṣúná, lọ́dún yìí nígbà tí àwọn ẹ̀ka bá ń kó ìwé ìbéèrè wọn wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya orí kan sọ́tọ̀. Bí màmá nọ́ọ̀sì bá tún mú rìsíìtì dé, ẹ ó ní ibi tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí.