Kí Ẹja Tó Wọ Omi: Ìdí Tí Ọlọ́sìn Ẹja Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Fi Gbọ́dọ̀ Tọ́jú Ẹrẹ̀

Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ẹja máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí ọmọ ẹja ti dára àti iye tí wọ́n ń ta àpò oúnjẹ ẹja. Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó yẹ kó ṣáájú wọn: báwo ni ìsàlẹ̀ adágún náà ṣe rí? Ẹni tó bá tọ́jú ẹrẹ̀ adágún rẹ̀ kí ẹja tó wọ̀ ọ́ ti ṣe apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà, owó tó sì ná lé e kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí yóò ná nígbà tí ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Lára àwọn tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ jù lágbàáyé ni àwọn tó ń sin koi, ẹja aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń sìn fún ìwòran, ní ilẹ̀ Japan. Ní Yamakoshi, àgbègbè olókè kan ní ìpínlẹ̀ Niigata, àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ló ń sin ẹja yìí fún jíjẹ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, nítorí yìnyín máa ń dí ọ̀nà mọ́ wọn nígbà òtútù. Nígbà tí díẹ̀ nínú ẹja náà yọ àwọ̀ pupa àti funfun, wọ́n ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n ń mú wọn gun ara wọn, títí ìpàtẹ ńlá kan ní Tokyo lọ́dún 1914 fi sọ koi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dún 2018, wọ́n ta ẹyọ koi kan ní Hiroshima ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 yẹ́ẹ̀nì. Ẹja olówó iyebíye yìí, inú ẹrẹ̀ ló ti ń dàgbà. Ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, wọ́n á fa omi adágún, wọ́n á kó ẹja lọ sínú ilé tí òtútù kò ti lè pa wọ́n. Bí yìnyín bá yọ́ tán ní oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, wọ́n á padà wá tún etí adágún mọ, wọ́n á tú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi láìmù àti ìgbẹ́ adìyẹ sí i, kí wọ́n tó dá omi sí i. Kòkòrò omi tíńtìntín ni wọ́n ń wá, kó lè ti pọ̀ nínú omi kí ọmọ ẹja tó dé, nítorí òun ni oúnjẹ tí ẹnu wọn kọ́kọ́ lè gbà. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ba ọ̀pọ̀ adágún wọ̀nyí jẹ́, gbogbo ará Yamakoshi sì fi ìlú sílẹ̀. Títún adágún ẹlẹ́rẹ̀ ṣe wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà padà sọjí.

Àwa kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn wa ń ṣí ààyè kan náà sílẹ̀. Adágún àkùrọ̀ tí wọ́n bá fa omi rẹ̀ tán, tí oòrùn sì pa á títí ilẹ̀ rẹ̀ fi sán, ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ewu. Afẹ́fẹ́ burúkú tó wà nínú ẹrẹ̀ dúdú olóòórùn yóò jáde, ẹyin àwọn kòkòrò tó ń bá ẹja jà yóò gbẹ, àwọn ọ̀tá ọmọ ẹja yóò sì kú. Lámilámi tí àwọn ọmọdé ń lé kiri wà lára wọn: inú omi ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi sì máa ń pa ọmọ àrọ̀ jẹ. Láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, ló kàn, nítorí ilẹ̀ àkùrọ̀ sábà máa ń kan, ilẹ̀ tó bá sì kan kì í jẹ́ kí ajílẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni omi yóò wọlé, wọ́n á di ìgbẹ́ adìyẹ sínú àpò, wọ́n á so ó rọ̀ sí igun adágún kó máa ro jáde díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, omi yóò yí sí àwọ̀ ewé, àmì pé oúnjẹ àwọn kòkòrò omi tíńtìntín ti ń hù nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ kankan. Ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgúnpá, kí o sì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bí o bá ṣì ń rí i kedere, oúnjẹ inú omi kò tíì tó. Bí ó bá ti pòórá kí omi tó dé ìdajì ọ̀nà láti ọrùn ọwọ́ sí ìgúnpá, omi náà ti ki jù, kí o fi omi tuntun kún un. Omi tó ki jù máa ń gba afẹ́fẹ́ tán mọ́ ẹja lọ́wọ́ lóru. Àgbà àrọ̀ lè yọ imú sókè kó mí, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì ní ẹ̀yà ara tó ń fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé koi kì í ṣe ẹgbẹ́ àrọ̀: ti ìwòran ni ọ̀kan, ti ọbẹ̀ ni èkejì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ìbátan koi tí àwọn aláwọ̀ funfun kó wá sí oko ẹja Panyam ní Plateau ní àwọn ọdún 1950, inú adágún ilẹ̀ ni wọ́n ti sìn ín fún jíjẹ. Àtakò tó lágbára jù ni pé ọmọ ẹja tí à ń rà ti mọ oúnjẹ àpò jẹ, àti pé àrọ̀ tó ti tóbi kò lè fi kòkòrò omi yó. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi omi àwọ̀ ewé nìkan sin àrọ̀ dé ọjà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ń gba ohun tó lé ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ọlọ́sìn àrọ̀ ń ná, ìgbà tí ẹja wà ní kékeré sì ni oúnjẹ rẹ̀ wọ́n jù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí adágún bá fi ràn án lọ́wọ́ lásìkò yẹn, owó ni. Fún epìyà, ìrànwọ́ náà tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ewédò wà lára oúnjẹ rẹ̀ títí tó fi dàgbà.

Àwọn mìíràn á ní ayé ti kúrò nídìí ẹrẹ̀, tàpólì àti adágún onísìmẹ́ńtì ló kù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín ìgboro, tó ń sin ẹja tí àwọn oní-point-and-kill ń rà, tí wọ́n sì ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní àkùrọ̀ tí yóò gbẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo oúnjẹ ẹja inú tàpólì, àpò ló ti ń jáde, omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yí padà lemọ́lemọ́, pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀ tó ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ amọ̀ létí odò, tó sì fi í sílẹ̀ torí pé tàpólì ló lòde, ń fi owó ṣòfò. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ̀rù wọn tọ́, nítorí ìgbẹ́ tútù lè gbé àrùn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tàbí kó jẹrà dáadáa kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì dá a dúró tipẹ́tipẹ́ kí ẹja tó lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju oko ẹnì kan lọ. Nàìjíríà ló tẹ̀ lé Íjíbítì nínú ọ̀sìn ẹja ní Áfíríkà, síbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ti sọ léraléra pé ẹja tí a nílò lọ́dún lé ní mílíọ̀nù 3 àbọ̀ tọ́ọ̀nù, nígbà tí èyí tí à ń pèsè kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Òkú Èkó, ìyẹn ẹja dídì tí à ń kó wọlé láti òkè òkun, ló ń dí púpọ̀ nínú àlàfo yẹn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ Fáṣọlá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, ó ní àjọ OYSADA tó ń rí sí okòwò iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì ní LAUTECH. Kí wọ́n gbẹ́ adágún àfihàn, kí wọ́n sì pe àwọn ọlọ́sìn síbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdọọdún, nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì ń sán, kì í ṣe lẹ́yìn tí òjò bá ti kún adágún. Kí ọlọ́sìn fúnra rẹ̀ náà ka ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí adágún fi wà lófìfo mọ́ àkókò iṣẹ́, kó má kà á sí àdánù, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni èrè ọdún rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.