Ẹ̀FỌ́ NÍNÚ ÌKÒKÒ SÀÀRÌ ÀTI TI ÌṢÍNU

Ọ̀rọ̀ wa ti òní kì í ṣe ti ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́, kì í sì í ṣe ti sàká. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú ààwẹ̀ kan tó ti kọjá, bàbá àgbà kan nínú jámáà wa wá bá wa lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ààwẹ̀ sílẹ̀. A ní kí ló dé? Wọ́n ní ọjọ́ kẹrin rèé tí àwọn kò tíì rí ìgbẹ́ yà, jẹ̀díjẹ̀dí sì ti tún dìde, pé ààwẹ̀ ni kò bá àwọn lára mu mọ́. A wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń ṣe sààrì nílé. Èbà ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹran. Ìṣínu ńkọ́? Búrẹ́dì funfun àti tíì, lẹ́yìn náà ìrẹsì. Ewé kan ṣoṣo kò sí nínú oúnjẹ bàbá yìí, omi tí wọ́n sì ń mu lóru kò tó nǹkan. A ní, "Bàbá, ó jọ pé kì í ṣe ààwẹ̀ ló ń dà yín láàmú, ìkòkò ilé yín ni." A ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi wọ́n náà nìyẹn: kí lẹ ń jẹ?

Ẹ má rò pé à ń fi bàbá yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa alfa gan-an la jẹ̀bi jù. Láti ibi ìsọmọlórúkọ dé ibi wòlímà, láti wòlímà dé ibi fìdáù, ìrẹsì àti ẹran ni. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀fọ́ síwájú wa, a ó máa fọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí a ó fi kan ẹran nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, owó kọ́ ló ń lé ẹ̀fọ́ jáde, ìtìjú ni. Baálé ilé á ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?" Ìyàwó á máa bẹ̀rù kí àlejò má lọ sọ pé ebi ń pa wọ́n. Ẹnì kan tilẹ̀ fi Àlùkùránì bá wa jiyàn. Ó ní nínú Súrátul Bákárà, ẹsẹ 61, ṣebí Ọlọ́hun bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wí nígbà tí wọ́n béèrè ewébẹ̀, kùkúńbà àti àlùbọ́sà. A ní o ka ẹsẹ, o ò ka ìdí ọ̀rọ̀. Àìnísùúrù wọn ni ìbáwí náà dá lé, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ẹ̀bùn tó lọ́lá jù ṣe pàṣípààrọ̀. Bí ewébẹ̀ bá burú, Ọlọ́hun kò ní kà á mọ́ àwọn ìdẹ̀ra Rẹ̀ nínú Súrátu Abasa, láti ẹsẹ 24 lọ, níbi tí Ó ti pe ọmọ ènìyàn kó wo oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, kádíbù, tí àwọn onítàfsíìrì kan túmọ̀ sí ewé tútù tí a ń gé tí ó tún ń hù. Ẹni tó bá gbin ṣọkọ sẹ́yìnkùlé rí mọ ohun tí à ń wí.

Ẹ tún gbọ́ ti Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ó wà nínú Bùhárì àti Múslímù, láti ẹnu Ánásì ọmọ Málíkì, pé télọ̀ kan pe Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wá jẹun. Búrẹ́dì ọkà bálì ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹran gbígbẹ àti dubbáù, tí í ṣe ẹbí elégédé, wà nínú rẹ̀. Ánásì rí i pé dubbáù yìí ni Ànábì ń ṣà kiri inú àwo. Ẹran wà níbẹ̀ o! Láti ọjọ́ náà ni Ánásì fúnra rẹ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ó dáa, báwo la ó ṣe é? Ẹ má wá ọbẹ̀ tuntun kankan. Ohun tí ilé ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ewé kún. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 10 sókè máa jẹ èso àti ewébẹ̀ tó gíráàmù 400, ó kéré tán, lójúmọ́. Wọn kò ka iṣu àti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ewébẹ̀ àti èso gba nǹkan bí ìdajì àwo.

Sààrì ló le jù, a mọ̀. Ta ló fẹ́ dìde ní aago mẹ́ta òru kó máa já ẹ̀fọ́? Lẹ́yìn ìrun aláásàrì ni kí ẹ ti já a, nígbà tí àwọn ọmọ jókòó tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run pé ìgbà wo ni oòrùn máa wọ̀. Ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe. Ẹ fọ ewé náà lódindi, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, pàápàá èyí tí wọ́n gbìn sẹ́bàá gọ́tà, kí ẹ tó gé e, torí bí ẹ bá gé e kí ẹ tó fọ̀ ọ́, oore rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ dà á sínú ajẹ̀rẹ̀ kó gbẹ. Bó bá di sààrì, ẹ gé e sínú ọbẹ̀ ata alẹ́ àná tó ti ń hó. Gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti àmúnútutù kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Àwọn ìyá tó ń bọ ẹ̀fọ́ títí tí wọ́n á tún fún omi rẹ̀ dànù, ṣé ẹ mọ̀ pé gọ́tà lẹ ń bọ́? Ewúro nìkan la gbà fún yín, nítorí kíkorò rẹ̀. Ìyánà ìpájà sì rèé, òun gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, a kì í jẹ ẹ́ ní tútù, nítorí oró wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ̀wà bá ti rọ̀, ẹ da ṣọkọ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Àsáró náà gbà á, ẹ sì lè gé elégédé mọ́ iṣu. Ti àwọn ọmọ tó ń ṣa ewé jáde nínú ọbẹ̀, mọ́ínmọ́ín ni oògùn wọn: ẹ lọ karọ́ọ̀tì mọ́ ata, kí ẹ gé ugwu tín-ín-rín sínú ẹ̀wà lílọ̀ náà. Ọmọ-ọmọ wa kan tí kì í fẹnu kan ẹ̀fọ́ jẹ méjì níbi ìṣínu, ó tún ń béèrè.

Káún tí a ń kó sínú ewédú àti ẹ̀wà, ẹ dín in kù. Ó ń mú nǹkan tètè rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì jẹ́, ìdílé iyọ̀ sì ni fún àwa ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin aboyún tí ẹ ń gba ààwẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ dókítà, tòmátì, ata àti ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń kún ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀fọ́; tíì ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí tíì dúró fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Fún ìṣínu, ẹ gé kùkúńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dàbínù. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì wà nínú hádíìsì pé Ànábì jẹ kùkúńbà pẹ̀lú dàbínù tútù.

Ní ti ìtìjú àlejò, ìyá arúgbó kan wà ní Mẹ̀dínà tí Sáhálù ọmọ Sáádì ròyìn rẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń pè ní sílíkì ló máa ń sè pẹ̀lú ọkà bálì, láìsí ọ̀rá kankan, tí àwọn sàhábà á yà jẹ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Sáhálù ní inú àwọn máa ń dùn sí ọjọ́ Jímọ̀ nítorí ìkòkò ìyá yìí.

Ẹni tí dókítà ti ní kó ṣọ́ra fún ewébẹ̀ nítorí kíndìnrín, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Àsìkò wa ti tó. Lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sàkátul fitiri.